Ọjọ́ Kọkàndínlógún

Kùrukùru jókòó sórí àpáta Ìsánlú láàárọ̀ yìí,
bí ẹni pé òkè ló fa tirẹ̀, tó tú u jáde nímú.
Ẹnikẹ́ni ò bá a wí.

Ọwọ́ mi yọ́ lọ sápò àyà.
Orín ló bá níbẹ̀, mẹ́ta,
tí Ìbídùn gé ṣe déédéé gígùn ohun tí mi ò ní dárúkọ.
Mo rún ọ̀kan títí ó fi di ìgbálẹ̀.

Iyán ò ṣòro. Ẹ̀yìn iyán ni wàhálà,
nígbà tí ẹnu bá ń retí àlejò tí a ti lé.

Lánàá, Tanímọlá ń sun kajú lẹ́yìnkùlé;
èéfín gba ojú fèrèsé wọlé
bí àna tí mo jẹ ní gbèsè.
Mo kà dé ọgọ́rùn-ún, mo kà á padà.
Mo bú Tanímọlá.
Mo bú ọmọ mi pẹ̀lú, ìyẹn ló ń dùn mí di ìsinsìnyí.

Mo fomi tútù bọ́jú. Ó lọ.
Kò lọ jìnnà: ìsọ̀ ìyá oníṣáná ló jókòó sí,
ó ń wo ẹnu ọ̀nà mi.

Olóko kan kọjá, ó ní, "Okun o!"
Mo dá a lóhùn,
n kò wúkọ́.