Ìbéèrè Kẹtàdínlógún

Ìbéèrè méjìlélógójì ni mo há sábẹ́ apá
láti yunifásítì dé Mọ̀ọ́rè,
mo tún fi káàdì ìdánimọ̀ kọ́rùn,
orúkọ mi, àwòrán mi,
bí ẹni tó fẹ́ polówó oògùn eku.

Dókítà Adégbìtẹ́ ti sọ ní kíláàsì
pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.
A kọ ọ́ sílẹ̀. A fi bírò pupa fàlà sí i nídìí.
Kò sẹ́ni tó kọ́ wa
bí wọ́n ṣe ń bẹ ọwọ́ kan ṣoṣo
kó jáde nínú àpò.

Ọ̀dọ̀ Ìyá Morádéyọ̀, aránṣọ, ni mo kọ́kọ́ yà sí.
Mo ka ìbéèrè kẹtàdínlógún:
"Ṣé ẹ gbà pé ilé ìwòsàn àdúgbò yìí ń ṣiṣẹ́ dáadáa?
Ẹ gbà gan-an, ẹ gbà díẹ̀, àbí ẹ ò gbà rárá?"
Ó yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu.
"Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni nọ́ọ̀sì ń ti ilẹ̀kùn.
Aago méjì òru ni ọmọ mi rọbí.
Orí pèpéle ló bímọ sí, níwájú àgádágodo.
Ibo ni kí n fàmì sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?"

Mo wo ìwé mi. Àpótí mẹ́ta ló wà níbẹ̀,
kò sí èyí tó gba pèpéle.

Ọjọ́bọ̀ la pe ìpàdé.
Ẹni mẹ́fà ló wá,
ọ̀kan nínú wọn, omi inú ọ̀rá ló wá tà.
Ọjọ́bọ̀ kejì, ìjà:
ta ni yóò kọ́kọ́ fọwọ́ sí lẹ́tà,
ṣé Bàbá Ọ̀ṣúnkúnlé onílé alájà ni,
àbí Fátókí mẹkáníìkì tó jókòó kọ ọ́?
Mo dìde kí n là wọ́n.
Ìyá Morádéyọ̀ ní kí n jókòó jẹ́ẹ́.
"Ìjà tí a kò bá jà tán nílé,
iwájú àlejò la ó ti parí ẹ̀."

Àwọn tí kò mọ̀ọ́kọ fẹ́ tẹ̀ka, tàdáwà ti gbẹ.
Ni ẹnìkan bá ha ìdí ìkòkò, ó fi epo pò ó,
àtàǹpàkò mẹ́tàdínláàádọ́ta tò sórí ìwé,
dúdú, wọ́n ń rùn bí ọbẹ̀ àná.
N kò tí ì rí lẹ́tà tó lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ padà wá lọ́la. Ọ̀gá wà ní ìpàdé.
Ẹ padà wá. Ọ̀gá ti lọ sí Òṣogbo.
Nígbà kẹta, a kò padà mọ́. A jókòó
sórí àtẹ̀gùn káńsù, ọmọ lẹ́yìn, àgbàdo sísè lọ́wọ́,
títí akọ̀wé fi jáde:
"Ta ni olórí yín?"

Mo ti ń lanu. Èmi ni mo ní gírámà,
èmi ni mo fi káàdì kọ́rùn.
Ìyá Morádéyọ̀ tẹ ìka ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀,
ó tẹ̀ ẹ́ kó lè dùn mí.
"Ìka tó bá wù yín nínú ìwé yẹn," ló wí,
"ẹ pe olúwarẹ̀."

Dókítà fún mi ní máàkì méjìlélọ́gọ́ta.
Ó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́: Ìbéèrè mélòó lo tiẹ̀ béèrè?
N kò bá a jiyàn.

Lálẹ́ àná, ọ̀kadà gbé mi gba Mọ̀ọ́rè kọjá.
Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ ti dára o:
òrùlé ṣì ń jò, oògùn ṣì wọ́n,
nọ́ọ̀sì òru ọ̀hún, ọjọ́ mẹ́ta péré ni lọ́sẹ̀.
Ṣùgbọ́n iná ń tàn lójú fèrèsé,
kò sì sẹ́nì kankan lórí pèpéle.
Ìka ẹsẹ̀ mi ṣì ń ro mí díẹ̀.