Inú Odi, Ẹ̀yìn Odi

Ìlà mẹ́rin péré ni ìwé fi sọ ọ́:
ọdún tí Kétu fọ́, orúkọ ọba tó fọ́ ọ,
bí ebi ṣe há ìlú mọ́nú odi.
A há a sórí bí ẹni há ìṣirò.

Màdáàmù Laléyè pa ìwé dé.
"Ẹ dìde. Ẹ wọ bàtà yín."

Ó kó wa lọ sí Àkàbà Ìdènà,
nídìí ilẹ̀kùn tó ti gbó bí awọ àgbà.
Ó fi ìlàjì wa sínú, ó ti ìyókù síta.
"Ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí. Ẹ má wo ìwé ara yín."
Àwa tá a wà nínú kọ òjìji, igi ìdábùú, ibi tútù.
Àwọn ará ìta kọ yàrà, koríko, oòrùn tó ń tani lójú.
Ẹnì kan kọ pé: ilẹ̀kùn yìí ò fẹ́ràn mi.

Dòsú ni. Aṣọ́bodè ni bàbá rẹ̀, Àgbómẹ̀ ni wọ́n ti wá.
Ó ní bàbá-ńlá òun ru ìbọn wá síbí, òótọ́ ni,
ṣùgbọ́n okùn ni wọ́n fi fà á wọ ogun,
kò sì padà délé; yàrà yìí ló sùn sí.
A dákẹ́. Ẹnikẹ́ni ò tíì sọ fún wa rí
pé òkú àwọn náà ní ìyá.

Fádáírò, ọmọ ilé ńlá, na àyà:
"Àwọn bàbá wa ló mọ odi yìí."
Laléyè ò fèsì.
Bósẹ̀dé ló sọ̀rọ̀, ọmọ ọ̀dọ̀ ilé wọn,
tí kò jókòó ní kíláàsì rí,
tó gbé oúnjẹ tí Fádáírò gbàgbé wá:
"Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ru erùpẹ̀ ẹ̀?
Ìyá àgbà mi ní àwọn tí wọ́n rà ni.
Ó ní láti ìgbà yẹn lọrùn ti ń ro ìdílé wa."

Fádáírò wolẹ̀.
Abọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí ọmọ náà.

Ìbéèrè yẹn wà lójú pátákó títí ọyẹ́ fi dé.
Àwọn òbí kan fi ìbínú wá: ọ̀rọ̀ ẹrú, ọ̀rọ̀ àbùkù!
Laléyè fa àga fún wọn.
"Ẹ̀yin náà ńkọ́, kí lẹ rántí?"
Ẹnì kan ṣoṣo ló jókòó.

Lọ́jọ́ ìdánwò, ọdún ni wọ́n bi wá.
Mo kọ ọ́, mo sì yege.
Àmọ́ bí mo bá gba ẹnu odi kọjá lónìí,
mo máa ń wọlé, màá tún jáde, màá tún yíjú wò ó,
ọrùn a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí,
èmi tí n ò ru nǹkan kan rí.