Ọmọ Ojú Fèrèsé

Ní Chiloé, òjò kì í dá. Ó kàn ń sinmi ni.
Èmi Rosalba, ọmọ ilé Barría, èmi ni mo ń dáná iléèwé,
ọdún kejìlélógún rèé tí mo ń gbé igi tútù wọlé,
tí mo ń fi ẹnu bẹ iná.
Ẹ má bi mí nípa ẹ̀kọ́. Igi ni mo mọ̀.
Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó ti iná, ohun gbogbo ní í gbọ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Olùkọ́ Edelmira ṣí ìwé aláwòrán kan
tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò tó mẹ́wàá:
ilé onígi kan fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lórí òkè,
màlúù ń fà á, gbogbo abúlé di okùn mú,
ilé ń rìn, ilé ń rìn,
èéfín ṣì ń jáde lórí rẹ̀.
Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Wọ́n mọ̀ ọ́n.
Ọ̀wẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ la ṣe gbé ilé bàbá àgbà Nahuel
nígbà tí òkun ń jẹ ilẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.
A kò gba kọ́bọ̀. Ọ̀dùnkún sísè ni wọ́n fi dúpẹ́.

Olùkọ́ tẹ́ bébà láti ẹnu ọ̀nà dé ibi iná mi.
Ó ya ilé, ó ya okùn gbọọrọ, ó ní,
“Kí kálukú ya ara rẹ̀ síbi tó fẹ́ dúró.”

Millaray dúró ti màlúù, ó ya ìwo fún ara rẹ̀ náà.
Nahuel wà níwájú pátápátá, apá rẹ̀ kì bí òpó.
Otilia, tí kẹ̀kẹ́ ń gbé rìn, so okùn mọ́ kẹ̀kẹ́,
ó ní táyà òun lágbára ju ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni lọ.
Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn.

Ó wá ku Wisnel.
Oṣù méjì péré ló dé láti Haiti.
Guerda ìyá rẹ̀ ń la ẹja nílé-iṣẹ́ etí omi,
òtútù kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ títí alẹ́ fi ń lẹ́.
Ọmọ náà ń gbọ́ èdè wa bí ẹni ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́yìn ògiri.
Ó mú pẹ́ńsù, ó fo okùn, ó fo màlúù,
ó ya ara rẹ̀ sójú fèrèsé, nínú ilé.

Ariwo ta. “Ẹnìkan kì í gbé inú ilé tí à ń fà!”
“Yóò wúwo!” “Ọ̀lẹ!”
(Nahuel ló sọ ìyẹn. Mi ò ní purọ́ mọ́ ẹlòmíràn.)
Olùkọ́ kò wàásù. Ó ṣí ìwé padà sí ojú ewé kejì,
ó gbé e sókè, ó dákẹ́.
Mo rò pé òun náà kò mọ ohun tó kàn.

Wisnel fi ìka tọ́ ilé, ó tọ́ òkè tó ṣófo lẹ́yìn rẹ̀,
ó wá ọ̀rọ̀ títí, ó rí mẹ́rin:
“Ilé lọ. Èmi kù.”

Igi gbàgbé ara rẹ̀ lọ́wọ́ mi.
Ẹni tí ilé kò lọ mọ́ lójú rí
ni í bèèrè ìdí tí ẹlòmíràn fi dì í mú.

Otilia ló kọ́kọ́ yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà,
ó ya ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, sí fèrèsé kejì.
Millaray gun òrùlé, tòun tìwo.
Kí aago oúnjẹ tó lù, orí ti kún ilé bámúbámú,
màlúù nìkan ló ń làágùn.
“Ta ni yóò wá fà á?” Nahuel ń kùn.
Ó dúró, ó họ etí,
ó wá fa okùn gùn, ó gbà á ojú fèrèsé wọlé,
ó fi sí ọwọ́ Wisnel.
“Dì í mú níbẹ̀ yẹn. Má jẹ́ kó já bọ́ o.”
Ẹ̀bẹ̀ tó bẹ̀ nìyẹn. Kò bẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nírọ̀lẹ́ Guerda dé, ó wá ọmọ rẹ̀ lójú okùn, kò rí i.
Wisnel di ìka tútù náà mú, ó fà á dé ojú fèrèsé.
Mo sún àga mọ́ iná fún un.

Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán,
mo wo ọ̀tún, mo wo òsì,
mo mú pẹ́ńsù, mo ya èéfín sórí ilé náà.
Olùkọ́ ti gbàgbé rẹ̀.
Ṣebí ẹnìkan gbọ́dọ̀ máa dáná.