Torcuil Mọ́kànlá

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi gun kẹ̀kẹ́ pín lẹ́tà ní Skaravig,
erékùṣù tí afẹ́fẹ́ ti ń na àgùntàn lẹ́gba,
tí ilé mẹ́rìnlélógójì dojú kọ òkun bí ẹni ń retí èsì.
Torcuil Macaskill mọ́kànlá ló wà níbẹ̀ nígbà tèmi.
Ìjọba mọ orúkọ wọn.
Èmi ni mo mọ̀ wọ́n.

Torcuil Pupa: irun rẹ̀ ti funfun kí n tó gba iṣẹ́,
ṣùgbọ́n àlàjẹ́ kì í bá olúwa rẹ̀ darúgbó.
Torcuil Kánádà: ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló lò lọ́hùn-ún,
àárò ìyá rẹ̀ sọ ọ́, ó wọkọ̀ padà,
orúkọ ìlú náà sì lẹ̀ mọ́ ọn bí àtè.
Torcuil Ọ̀la, tí yóò tún òrùlé rẹ̀ ṣe lọ́la.
Torcuil Bíṣọ́ọ̀bù. Ẹ má bi mí léèrè, ìyàwó rẹ̀ ṣì wà láyé.

Orúkọ àbísọ dà bí ẹ̀wù ilé-ìwé, gbogbo yín lẹ jọ wọ̀ ọ́.
Àlàjẹ́ ni àbùlẹ̀ tó wà ní ìgúnpá,
òun la fi ń mọ ti ta ni.
A kì í fọwọ́ ara ẹni rán an;
aládùúgbò ní ń rán an, kì í wọn ọ́ kó tó gé aṣọ.
Bó fún ọ, bó tóbi, tìrẹ ni.

Ẹnìkan wà, Torcuil Èyí-Tó-Kù.
Eyín ló ń ro ó lóru ọjọ́ kan nínú oṣù kejì,
ó faṣọ di ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó dùbúlẹ̀.
Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mẹ́ta gbé àwọ̀n, wọ́n ní àwọn ń bọ̀ kílẹ̀ tó mọ́.
Ilẹ̀ mọ́.
A ò pèpàdé. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀.
Ká tó jáde nínú ìsìn ìdágbére, ó ti wà lẹ́nu àwọn ọmọdé.
Bí mo bá kanlẹ̀kùn tí mo ní, "Èyí-Tó-Kù, lẹ́tà yín dé,"
á ní, "Mo wà ńbí."
Kí ni ì bá tún sọ?

Ọjọ́ Tọ́sìdeè kan, àpòòwé aláwọ̀ omi aró dé láti Yarmouth:
Torcuil Macaskill, Skaravig. Ó tán.
Orúkọ lásán, bí ẹsẹ̀ tí kò wọ bàtà.
Mo gbé e ká ilé mẹ́wàá.
Bíṣọ́ọ̀bù fẹ́ kó jẹ́ tòun; mo já a gbà.
Ilé kọkànlá, ojú bàbá náà ò ríran dáadáa mọ́, ó ní kí n kà á.
Obìnrin kan tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ẹja lébùúté nígbà èwe ló kọ ọ́.
Ara rẹ̀ ò yá. Ó kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì wà.
Ìlà àkọ́kọ́: "Sí Torcuil Ẹlẹ́rìn-ín."

Mo dákẹ́. Mo tún un kà.
Láti ọdún tí mo ti ń kan ilẹ̀kùn yẹn,
mi ò rí eyín ọkùnrin náà rí.

Lọ́jọ́ kejì, n kò mọ ohun tó gùn mí,
mo ní, "Ẹlẹ́rìn-ín, ẹ kú àárọ̀."
Ó wò mí títí kẹ́tùlù fi hó.
"Ìyẹn," ó ní, "inú ọkọ̀ ló wà lóru ọjọ́ náà."
Kò bínú. Ó bu tíì fún mi.
Ó ní kí n bá òun kọ èsì; ó ń sọ, mò ń kọ,
ọ̀rọ̀ ọ̀dùnkún, ọ̀rọ̀ òtútù, ọ̀rọ̀ ajá tó kú.
Nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀ ìwé, mo bi í:
"Orúkọ wo ni kí n fi sí i?"

Mo di bírò mú.
Òjò bẹ̀rẹ̀ níta,
mo sì rántí òrùlé Torcuil Ọ̀la.