Fáìnì

Isobel Flett, ní Buckie létí òkun,
ojú kan ló máa ń dúró sí tí mo bá mú lẹ́tà dé:
ẹsẹ̀ kan nínú ilé, ẹsẹ̀ kan lórí òkúta àbáwọlé.
Mo ní, "Báwo lara?"
Ó ní, "Fáìnì."
Ọ̀rọ̀ yẹn á ti pa dé kí ilẹ̀kùn tó pa dé.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń gbé àpò lẹ́tà kiri àdúgbò yìí,
mo mọ iye iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ń ṣe lẹ́nu wa.
Bí oòrùn bá yọ lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, a ní ojú ọjọ́ fáìnì.
Òjò tó ń rọ̀ wínníwínní bí ìyẹ̀fun,
tí èèyàn kì í ṣí agbòjò fún,
tó sì ń rin ni dé egungun, fáìnì náà ni.
Òwú tí Dod ọkọ rẹ̀ fi ń tún àwọ̀n ṣe,
tó tínrín bí irun ọmọ tuntun,
fáìnì.
Ṣùgbọ́n bí ìyàwó bá sọ ọ́ ní kúkúrú, tí kò bojú wẹ̀yìn,
kí ọkọ yáa wá ibòmíràn jókòó.

Ní oṣù kejì, mo mú ti ìjọba wá,
àpò ìwé tó ní fèrèsé kékeré lójú.
Ọgọ́ta pọ́n-ùn: ọkọ̀ rẹ̀ pẹ́ ju wákàtí mẹ́ta lọ
nínú ọgbà ilé ìwòsàn ní Elgin,
lálẹ́ ọjọ́ tí èémí Dod ń tán lọ,
tí kò sẹ́ni tó rántí pé aago ń ṣiṣẹ́ níta.
Ó kà á tán, ó ká a padà.
"Fáìnì," ló wí,
n ò sì mọ èyí tó ń pè nínú wọn:
owó ìtanràn ni, àbí ara rẹ̀,
àbí ó kàn ní kí n máa lọ.

N ò sọ fún un pé mo kọ̀wé sí wọn.
Orí tábìlì ìdáná ni mo ti kọ ọ́, mo ṣi orúkọ ọ́fíìsì kọ,
èmi tí mò ń pín lẹ́tà, mo sì gbàgbé sítáǹpù.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Irú àpò ìwé kan náà, fèrèsé kan náà.
Ó ya á níwájú mi, ó ń fìka tọ ìlà bí ọmọ iléèwé:
"Wọ́n ti fagi lé fáìnì mi."
Ó tún un sọ.
Òjò wínníwínní ń kó sí i lórí.

Mo ní, bí mo ti máa ń ní, "Báwo lara?"
Ó lanu. Kò bá nǹkan kan níbẹ̀.
Ó wo bàtà mi tó ń ṣomi,
ó sún sẹ́yìn díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà,
ó ní, "Apá òsì bẹ́ẹ̀dì ni mo ṣì ń sùn sí, Murdo.
Wọlé. Nu ẹsẹ̀ rẹ."