Àwọ̀n

Méje sí òdo ni wọ́n nà wá ní Ìjẹ̀bú-Òde.
Kóòṣì Lásísì ò sọ̀rọ̀ títí a fi wọ Ẹ̀pẹ́.
Ó wá ní: "Kí kọ́lẹ́ẹ̀jì wa fo ìdíje ọdún tó ń bọ̀.
Ilẹ̀ tó bá ti ṣá,
à á fi sílẹ̀ kó digbó, kó lè tún lọ́ràá."

Èmi aṣọ́lé gbé ọ̀rọ̀ náà dé etí ọ̀sà,
níbi tí bàbá mi ti ń sá àwọ̀n.
Kò wojú mi.
"Àwọ̀n tó ń sinmi, à á máa tún un ṣe ni.
Èyí tí a kàn gbé kọ́ àjà,
eku ló ni ín."

A ò bá ẹnikẹ́ni gbá bọ́ọ̀lù lọ́dún yìí.
Nírọ̀lẹ́, mo ń jókòó láàárín òpó méjì
pẹ̀lú abẹ́rẹ́ bàbá mi,
mò ń di ihò méje.

Ìkẹta ni mo ṣì wà.