Lẹ́tà Méjì Sẹ́yìn

Ní Wínípẹ́ẹ̀gì, lọ́jọ́ Túsìdeè kan tí òtútù ń gé etí,
Maren Friesen rẹ fóòmù méjì sínú omi iyọ̀,
ó fi ọ̀kan síwájú orí mi lápá òsì,
ó fi èkejì sókè ojú ọ̀tún,
ó wá fi rọ́bà dì mí lórí
bí ìyá mi ṣe máa ń di ẹrù igi.

"Ó máa yún ọ díẹ̀."
Ó yún mi. Àfi bí èèrà kan ṣoṣo
tó ń wá ilé tó ti kó kúrò.

Èmi Láníhùn, tí ń wa ọkọ̀ tó ń kó yìnyín kúrò lójú títì,
ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń fa sìgá,
páálí kan lójúmọ́, méjì bí òru bá gùn.
Èéfín niyì iná, mo máa ń fi ṣàwàdà fáwọn ọmọ mi.
Ọjọ́ tí mo gbàgbé orúkọ olùkọ́ àbíkẹ́yìn mi
lójú olùkọ́ náà gan-an
ni mo mọ̀ pé kì í ṣe sìgá nìkan ló ń jó.

Lẹ́tà ń kọjá lójú kọ̀ǹpútà.
Bí èyí tó dé bá jọ èyí tó wà ní méjì sẹ́yìn,
kí n tẹ bọ́tìnì.
K. T. K. Mo tẹ̀ ẹ́.
B. R. M. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ já mi kulẹ̀.
Láti àná ni wọn ò ti jẹ́ kí n fẹnu kan sìgá;
ọpọlọ mi ń tọ pọ́ún pọ́ún
bí ọ̀pọ̀lọ́ tí wọ́n da iyọ̀ lé lórí.

Kí ló wà ní méjì sẹ́yìn?
Kó tó di Wínípẹ́ẹ̀gì, Ọ̀tà. Kó tó di Ọ̀tà,
ẹ̀yìn ilé ìwé wa ní Ìlárá,
Gòróyè na ìdajì sìgá sí mi:
"Fà á sínú. Má wúkọ́."
Mo fà á. Mo wúkọ́. Mo tún fà á.
Ibẹ̀ ni ǹ bá ti tẹ bọ́tìnì.

Ogún ìṣẹ́jú pé. Ó tú rọ́bà.
Mo ní, "Ṣé iná wọlé lóòótọ́?"
Ó ní òun náà ò mọ̀.
Àwọn kan ń gba iná, àwọn kan ń gba irọ́ iná:
wọ́n á tàn án díẹ̀, wọ́n á pa á,
kí orí lè rò pé òun ti jẹun.
Mo rẹ́rìn-ín. Kí ni sìgá tún ṣe fún mi jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Àmọ́ nínú bọ́ọ̀sì, láìwá a, orúkọ náà wá:
Míìsì Kowalchuk.
Bóyá iná ni. Bóyá èèrà yẹn ló rílé.

Mo sọ̀ kalẹ̀ ní Portage.
Òtútù ti mú kí ẹnu gbogbo ayé máa rú èéfín:
arúgbó ń rú, ọmọ ilé ìwé ń rú.
Mo mí síta. Tèmi náà rú.
Mo fọwọ́ kan páálí nínú àpò kóòtù,
mo kà wọ́n láìwò: mẹ́sàn-án.
Ní Tọ́sìdeè, Friesen ń retí mi.